Ẹja Tí Mísìsì Ń Dá Padà Sínú Ọ̀sà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wá bátìrì aago kiri ní Ìtámaga, ní ìgboro Ìkòròdú, nígbà tí òórùn kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan. Ọmọbìnrin tó ń tajà ti tanná sí tùràrí onígi tẹ́ẹ́rẹ́. "Mọ́mì, ẹ wọlé, ẹ wá wo léèsì tuntun!" N kò nílò léèsì, ṣùgbọ́n mo wọlé, mo sì jókòó. Òórùn yẹn ti gbé mi padà sí Ẹ̀pẹ́, sí pálọ̀ Mísìsì Malini, olùkọ́ wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ìjọba ń kó olùkọ́ wá láti òkè òkun. Galle, ìlú kan létí òkun ní Siri Láńkà, ni Mísìsì ti wá, ìṣirò ni wọ́n sì ń kọ́ wa. Aṣọ gígùn kan ni wọ́n máa ń yí mọ́ra. Bí òjò bá rọ̀, wọn a fi ọwọ́ kan ká aṣọ náà sókè, wọn a fi ìkejì di ìwé wa mú, ẹrẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kò sì ta sí wọn lára rí. Mo fẹ́ràn wọn débi pé mo ń rìn bíi tiwọn, tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi sọ mí ní Mísìsì Kékeré.

Lẹ́yìn ilé ìwé, mo máa ń lọ sí ilé wọn lọ ṣe ìṣirò, wọn a sì sọ̀rọ̀ Galle fún mi. Wọ́n ní odi òkúta àtijọ́ ló yí i ká, òkun sì ń lù ú tọ̀sán-tòru. Mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà ládùúgbò kan náà, ilé ìsìn Búdà, ẹ̀sìn tiwọn, kò sì jìnnà síbẹ̀, pẹ̀lú òdòdó funfun níwájú ère. Àwọn ẹ̀yà Sìnhálà, ẹ̀yà Támílì, àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò àti àwọn àrọ́mọdọ́mọ òyìnbó jọ ń ná ọjà kan. Ẹnu yà mí. Èmi tí mo rò pé ìran méjì péré, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ti pọ̀ jù fún ìlú kan!

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló tọ́ mi. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń tà, láàyè, nínú bàsíà. Lóṣooṣù, lọ́jọ́ tí òṣùpá bá pé, Mísìsì máa ń wá ra ẹyọ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yọ́ tẹ̀lé wọn. Dípò ọ̀nà ilé, etí ọ̀sà ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n da ẹja náà sómi, wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ètè wọn sì ń mì.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà.

"Ẹja tèmi ni wọ́n ń dà nù? Kí ló ṣe ẹja mi?"

Nígbà tí òṣùpá tún pé, Ìyá Àgbà kọ̀, wọn ò ta ẹja fún Mísìsì. Ojú Ìyá Àgbà ni àwọn ẹlẹ́ja yòókù ń wò, nítorí náà àwọn náà kọ̀. Garawa òfìfo ni Mísìsì gbé lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọjú sí pátákó ní kíláàsì, wọn ò sì kọ ohunkóhun. Ìyá Àgbà ti ní n kò gbọdọ̀ dé ilé wọn mọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹnu ara mi ni mo fi ba ohun tí mo fẹ́ràn jù jẹ́.

Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀lé e, Mísìsì fẹsẹ̀ ara wọn wá sílé wa. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn ti kú ní Galle, wọ́n sì ti sin ín tán kí lẹ́tà tó dé Ẹ̀pẹ́. Nínú ẹ̀sìn wọn, ẹni tó bá dá ẹ̀mí ohun tí wọ́n fẹ́ pa sí lè fi èrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkú rẹ̀.

"Láádá ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn," ni mo sọ fún Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà, tí kì í jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìfi mọ́sà ṣe sàráà fún ìyá tiwọn, sorí kọ́. Omi bọ́ lójú wọn. Mo rò pé àánú ni.

"Ọmọ mi, má tú èyí fún wọn o. Èyí tó ń kú lọ ni mo máa ń tà fún wọn. Mo ní àlejò lójú, kò fi ríran, ṣebí ọbẹ̀ ni wọ́n ń lọ fi sè. Gbogbo ẹja yẹn, bóyá ni ọ̀kan tiẹ̀ yè!"

Mísìsì wojú mi. Mo ní Ìyá Àgbà ń kí wọn kú ará fẹ́ra kù.

Láti ìgbà náà, ẹja tó lágbára jù lọ́jà, tó lè fi ìrù gbá ènìyàn létí, ni Ìyá Àgbà ń yà sọ́tọ̀ fún Mísìsì. Àwọn méjèèjì ló sì ń jọ lọ sétí omi. Bí Mísìsì bá ti ṣàdúrà tiwọn tán, Ìyá Àgbà a ní, "Àmín."

Mísìsì ti padà sílé tipẹ́. Ibi tí ilé àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń gbé wà ní Ẹ̀pẹ́ ti di ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú lónìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń bá ará Íńdíà àti ará Ṣáínà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò sì mọ orúkọ ìlú wọn. Ẹ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè ìyá wọn pẹ̀lú.

Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, mo kọ̀wé sí Galle. A ti ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ tán kí èsì tó dé. Mísìsì ní lọ́jọ́ tí òṣùpá pé, òun ra ẹja láàyè lọ́wọ́ apẹja kan, òun sì dá a padà sínú òkun lórúkọ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà tí kò rìnrìn àjò kọjá ọjà Èjìnrìn rí! Mo sunkún, mo sì tẹ́ ẹní ìrun mi. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí apẹja yẹn má ṣe jẹ́ irú Ìyá Àgbà, kó má lọ jẹ́ pé èyí tó ń kú lọ ló tà fún Mísìsì.