Ojú Àtàǹpàkò Lára Àga

Mo rántí ìgbà tí sódà jẹ èékánná mi tán, tó jẹ́ pé bí ara bá ń yún mi, ìyàwó mi ni mo ń bẹ̀ kó bá mi họ ọ́. Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa họ ọ̀dà kúrò lára àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, kí n fi sáńpépà ha wọ́n, kí n sì fi fáníìṣì pa wọ́n títí wọn yóò fi máa dán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ògbóòro ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ṣakí níbí. Ìwé kẹrin ni mo dé tí mo fi sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ní ti irọ́ pípa, mo gba oyè. Mo ti sọ fún oníbàárà kan rí pé igi tí wọ́n fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, etí adágún orí òkè Adó-Àwáyè ló ti hù, pé ìdí nìyẹn tí aṣọ inú rẹ̀ fi ń tutù, àti pé ẹja àrọ̀ méjì ni mo bá nínú dúróà nígbà tí mo họ ọ́. Ọkùnrin náà béèrè ẹja rẹ̀. Mo ní mo ti jẹ ẹ́.

Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan ládùúgbò wa ní kí n wá gbé àga ìyá òun. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àlejò ń bọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá àga tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ojú ìyá náà ti fọ́ láti bí ọdún mélòó kan, orúnkún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́, orí àga yẹn ló ti ń kírun rẹ̀ márààrùn-ún. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e, ó di apá àga mú.

"Káfíńtà, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"A kàn fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni, Ìyá."

"Má wẹ apá ọ̀tún o. Ọkọ mi wà níbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Etí mi sì gbọ́ lóòótọ́.

Awakọ̀ lọ́rì ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, gbogbo Iléyá ló sì máa ń fi ọ̀dà àjẹkù kùn àga náà: èyí tó ṣẹ́kù lára lọ́rì, èyí tó ṣẹ́kù ní mọ́ṣáláṣí, èyí tó ṣẹ́kù nílé ìwé. Ọ̀dà náà nípọn débi pé bí mo bá ní mo kọ́kọ́ rò pé irin ni wọ́n fi ṣe àga, irọ́ mi kò pọ̀. Mo da sódà sí i, ó hó yèè, ó wú bí awọ tí iná jó. Mo ń họ ọ́: búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá ọ̀tún ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i: ojú àtàǹpàkò kan, ribiti, nínú ọ̀dà. Ọdún tí ọkọ kùn ún kẹ́yìn ló ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, àtàǹpàkò ìyá sì ti ń wọlé wọ̀de níbẹ̀ títí ó fi dán bí ọmọ tẹ̀súbàá. Mo dúró díẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, aráyé á ní iṣẹ́ mi kò parí. Mo gbé irin lé e. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fà á, ó ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo gbé e padà, ilé kún. Ìyá jókòó, ó fi ọwọ́ wá apá ọ̀tún. Ó wá a, ó wá a.

"Àga ta nìyí?"

Ibí yìí ni ọlọ́gbọ́n ì bá ti tọrọ àforíjì. Ẹnu ń yún èmi. Mo ní, "Ìyá, ẹ mà gbọ́n o! Àga tiyín ti wà nílùú Okaka, àgbẹ̀ kan ń jẹyán lórí rẹ̀. Èyí, àga tirẹ̀ ni mo jí gbé wá fún yín."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ìyàwó ọmọ ń nu omijé. Ìyá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ọwọ́ kúrò lára àga bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan sìmẹ́ńtì.

"Ọlọ́run kì í gba ìrun lórí ohun tí wọ́n jí," ló wí. "Ẹ dá a padà fún olóhun."

Ilé náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn, ìyàwó ọmọ á ké: "Ìyá, ará Okaka ti dé o! Ó ní àga òun dà?" Ìyá á fà mọ́ ògiri, á ní, "Ẹ sọ fún un pé n kò jókòó lé e." Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà, bí mo bá ń kọjá, mo máa ń fi ohùn àgbẹ̀ béèrè àga mi lójú fèrèsé. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Ọyẹ́ dé. Ìyá ń fà nílẹ̀ láti ìdí omi àlùwàlá dé ibi tó ti ń kírun, ikọ́ wọ̀ ọ́ láyà, ẹ̀rù sì bà mí. Mo lọ sọ òtítọ́ fún ìyá, pé àga rẹ̀ gan-an ni. Mo fi Kùránì búra. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní tèmi, òtítọ́ bá a, irọ́ sì gbá a létí. Wọ́n pe lèmọ́mù wá kó bá a sọ̀rọ̀. Ìyá ní, "Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtàǹpàkò ọkọ mi hàn mí lára rẹ̀." Lèmọ́mù wo àga, ó wò mí, ó sì béèrè bàtà rẹ̀.

Ni mo bá gbé àga padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọ̀dà búlúù kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sá a sóòrùn kó lè sán, mo fi ìṣó ha á káàkiri. Níkẹyìn, mo tún fi ọ̀dà tútù kan apá ọ̀tún, mo tẹ àtàǹpàkò tèmi mọ́ ọn, nígbà tó gbẹ, mo fi eérú àti epo pa á kó lè jọ ohun tó ti pẹ́. Kò sí ojú tó lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò lójú. Ó ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó mí kanlẹ̀, inú mi dùn. Ó wá yọ ọ́.

"Àtàǹpàkò òpùrọ́ nìyí," ló wí, kò tilẹ̀ pariwo. "Ti ọkọ mi kò fẹ̀ tó báyìí."

Ìyàwó ọmọ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yẹn, ó kírun àsùbáà tán lórí sìmẹ́ńtì, kò lè dìde mọ́. Ìbàdí rẹ̀ ti gan. Orí ẹní ló wà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, kí iṣu tuntun sì tó jáde, wọ́n ti sin ín. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé àga náà wá, ó sọ̀ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ń wá àwàdà kan lẹ́nu. Kò dúró gbọ́ ọ.

"Ẹ gba àga yín," ló wí.

Ó ti pẹ́. N kò họ ọ̀dà mọ́. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ohun tí mo ń kọ yìí, àfi kí n sún ìwé mọ́ imú. Àwọn tó ń kọjá ṣì ń dúró gbọ́ irọ́ mi, ti ẹja inú dúróà ni wọ́n fẹ́ràn jù. Kò sí ẹni tó béèrè rí nípa àga búlúù tí mo jókòó lé. Ìyàwó mi ní kí n họ ọ́, kí n fi fáníìṣì pa á. Mo ní agbára mi kò gbé e mọ́. Orúnkún tèmi náà ti kọ̀, orí rẹ̀ ni mo ti ń kírun. Bí mo bá ti jókòó, àtàǹpàkò mi á fúnra rẹ̀ rìn lọ sí apá ọ̀tún, á wọ ojú ibẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí.