Ti Ẹ̀gbọ́n Fúyẹ́, Ti Àbúrò Wúwo

Títí dòní, bí mo bá rí ańkárá ẹlẹ́yẹ lára èèyàn, ẹ̀yìn aṣọ náà ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré wò, ẹ̀rín á sì gbà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Mowé, tẹ́ ẹ ń sọ pé mo máa ń tètè bínú, ẹ ò mọ bí mo ṣe rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi! Èmi ni mo máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi mí. Ìgbà yẹn ni ìyá kan mú ọmọbìnrin méjì wá láti Ìbàfò, kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀, gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ ju tèmi lọ. Àbúrò kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìyá wọn kúnlẹ̀ kí mi, ó fa ìwé dókítà kan yọ látinú ọ̀rá.

“Àwọn méjèèjì ló ní ọ́tísìmù, mà,” ló wí. “Bí ọpọlọ wọn ṣe ń gba nǹkan sí yàtọ̀ sí tiwa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ti ẹ̀gbọ́n fúyẹ́, ti àbúrò ló wúwo.”

Fúyẹ́, wúwo. Ọ̀rọ̀ méjì yìí wọ̀ mí létí, wọn ò jáde mọ́. Nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n ti fúyẹ́, kí ni mo tún fẹ́ rò nípa rẹ̀? Ẹnì kan ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Bó bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n á di etí, á máa gbọ̀n, á wọ abẹ́ tábìlì tá a ti ń gé aṣọ. Èmi á bẹ̀rẹ̀: “Ìwọ náà kẹ̀? Ìwọ tí wọ́n ní tìrẹ fúyẹ́! Dìde, jàre.” Àbúrò ńkọ́? Ìgbálẹ̀ ni mo fà lé e lọ́wọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣa píìnì, ó ń ṣa àjákù aṣọ sínú àpò ìrẹsì. Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń bi pé, “Ṣé àbúrò ẹ ti jẹun?” nígbà tí ọmọ náà jókòó síwájú mi gan-an! Ẹ̀gbọ́n á ní, “Ẹ bi òun fúnra ẹ̀, mà.” Mo rò pé àfojúdi ni.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan gbé ańkárá wá. Ẹyẹ ńláńlá ló wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ń fò lọ sókè. Ọjọ́ Àìkú ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀ Sátidé, mo tẹ́ aṣọ náà, mo to pépà tí mo fẹ́ fi gé ẹ̀yìn rẹ̀ lé e. Àbúrò ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá yí pépà náà padà. Mo dá a pa dà síbi tó wà. Ó tún yí i. Nígbà kẹta, ó fi àyà lé aṣọ, ó di tábìlì mú, kò jẹ́ kí n gé e. Inú bí mi! Mo fà á kúrò, mo gé aṣọ mi, mo sì pe ìyá wọn lórí fóònù.

“Ẹ wá mú àbúrò lọ lónìí. Ẹ̀gbọ́n lè dúró. Ti èyí ti wúwo jù fún mi.”

Kí ìyá náà tó dé, mo ti rán aṣọ tán, mo ti gbé e kọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó ń ká aṣọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ibi kẹta rèé, mà,” ló sọ. “Kò síbòmíì tí màá mú un lọ mọ́.” Ó dùn mí, àmọ́ agídí ò jẹ́ kí n dá wọn dúró.

Ni àbúrò bá rìn lọ sídìí aṣọ tíṣà tí mo gbé kọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó dorí kodò, ó ń wo ẹ̀yìn aṣọ láti àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi náà wò ó. Yéèpà! Àwọn ẹyẹ iwájú ń fò lọ sókè, ti ẹ̀yìn forí sọlẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ kọ́! Mo káwọ́ lérí, mo ń pariwo.

Ẹ̀gbọ́n dá mi lóhùn láti abẹ́ tábìlì, ẹ̀rọ ata ti lé e wọbẹ̀. “Ó ti ń sọ ọ́ fún yín láti àárọ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́. Èmi náà ń sọ pé ariwo yìí ń dun mí, ẹ ò gbọ́, torí ẹ ní tèmi fúyẹ́.”

Ojú tì mí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi, ẹnu ni mò ń wò, ẹni tó sì ń fẹnu sọ ọ́ gan-an, mi ò gbà á gbọ́!

Bí mo ṣe yíjú báyìí, àbúrò ti da àpò ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo àjákù ańkárá náà ló wà níbẹ̀. Ó tò wọ́n sílẹ̀, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, gbogbo ẹyẹ kọjú sókè. Ẹ̀yìn aṣọ tuntun rèé! Mo sáré gbé téèpù, mo wọ̀n ọ́n, ó pé pérépéré! Ẹ wo ayọ̀! Mo fẹ́ dì mọ́ ọmọ náà, ó sún sẹ́yìn. Mo bá dì mọ́ ìyá rẹ̀.

“Ẹ tú ọ̀rá yẹn,” mo ní. “Kò síbi tó ń lọ.”

Ọjọ́ kejì ìdúpẹ́ tíṣà, mo gbé máṣìnnì ẹ̀gbọ́n lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sì ra ohun ìdití fún un, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe títì ń lò. Àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n ti ṣe fírídọ́ọ̀mù báyìí, wọ́n ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan rọrùn o. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ mú àbúrò sọdá títì, ọjọ́ mìíràn sì wà tí ẹ̀gbọ́n kì í lè jáde nílé. Bí oníbàárà bá bi mí pé ti èwo ló fúyẹ́ nínú wọn, mo máa ń ní kó dìde kí n wọ̀n ọ́n. Ẹni tí àyà rẹ̀ fẹ̀ lè ní apá kúkúrú. Ta ló ń wọn ibì kan ṣoṣo ránṣọ?

Lánàá, mo tẹ́ léèsì kan sórí tábìlì. Àbúrò wá, ó yí pépà mi padà. Mo wò ó títí, mi ò rí ohun tó rí. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo fa àga, mo jókòó dè é.