Ṣílè Méjì, Títí Láé

Òórùn tí mo máa ń rántí jù lọ ni ti koríko òrùlé tí òjò ti pa títí ó fi jẹrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí a tó gbàdúrà ní ilé-ìwé, igbá ni a ó kọ́kọ́ fi gbọ́n omi kúrò nínú kíláàsì. Abúlé wa kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ sí Akanran. Ìjọba ìgbà náà ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, òótọ́ sì ni, àwọn ni wọ́n ń san owó oṣù olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà kò mú òrùlé wá. Àwọn baba wa ni yóò kọ́ ilé tí ọ̀fẹ́ yóò jókòó sí.

Bàbá mi ni akọ̀wé ìjọ Áńgílíkà, òun náà ni akọ̀wé abúlé. Kí wọ́n tó bí mi, ẹnì kan gba owó ilé-ìwé káàkiri ilé, ó sì gbé e sá lọ. Inú bí àwọn àgbà. Wọ́n ṣòfin pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà ju ṣílè méjì lọ́dún lọ́wọ́ ọkùnrin kan nítorí ilé-ìwé. Bí a óò bá yí i padà, gbogbo baálé ilé gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, kò gbọdọ̀ ku ẹnì kan. Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi "títí láé" kún un. Mo rò pé ó fẹ́ràn bí ó ṣe rí lójú ìwé.

Ọdún ń gorí ọdún, páànù ń gbówó lórí, ọmọ ń pọ̀ sí i. Ṣílè méjì kò kúrò níbi tí ó jókòó sí.

Kíláàsì kẹrin ni ilé-ìwé wa parí sí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àṣàkẹ́, la jọ wà níbẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń pọn àwa àbúrò rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Lọ́jọ́ kan alábẹ̀wò ilé-ìwé gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó wo òrùlé, ó wo àwa náà, ó ní bí yàrá tuntun onípáànù kò bá dúró kí ọdún tó parí, kíláàsì karùn-ún kò ní ṣí. Ọ̀rọ̀ náà dun Àṣàkẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ni ó ń gba ipò kìíní. Ipò keje ni èmi máa ń gbà, òun náà ni ó sì sọ ọ́ di orúkọ fún mi.

Wọ́n pe ìpàdé sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo baálé ilé gbà pé kí kálukú san ṣílè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi Baba Lájídé. Ènìyàn dáadáa ni. Bí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ bá ti Kùmásì dé, Àṣàkẹ́ ni ó máa ń pè láti kà á, á fún un ní ọsàn, á sì gbàdúrà pé yóò di olùkọ́. Lọ́jọ́ náà, ó ní ṣé òun tí eyín òun ti ká tán ni kí òun wá lọ kọ́ a-b-d. Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí bàbá mi.

"Akọ̀wé, bá mi ka ibi tí mo tẹ àtàǹpàkò sí."

Bàbá mi kà á. Ohùn rẹ̀ já geere títí ó fi dé "títí láé", ibẹ̀ ni ó ti wúkọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú ya ojú ìwé náà. Bàbá mi pa ìwé dé.

"Bí mo bá ya èyí, kí ni yóò dá ẹni tó bá tún fẹ́ gbówó sá lọ dúró?"

Wọ́n tú ká.

Yàrá kò dúró. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ nǹkan kan nípa orí àwa ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí á máa ru igi ìdáná lọ fún olùkọ́, kí á sì máa pa èkùrọ́ tà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ lẹ koríko. Ohun tí baba kò lè san, ọmọ ń rù ú, gbogbo ènìyàn sì ń yìn wá pé a lápá.

"Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà," ni bàbá mi máa ń sọ. Ní tiwa, ilé gan-an ni a kò rí kọ́. Àbúrò rẹ̀ kan ní Akanran gbà láti mú ọmọ kan sọ́dọ̀ kí ó lè wọ kíláàsì karùn-ún níbẹ̀, kì í ṣe méjì. Bàbá mi ní obìnrin yóò ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ó di àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́ wà nídìí ẹ̀gẹ́ tí ó ń bó. Kò dìde.

"Ó dàbọ̀ o, Ipò Keje. Má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ìkẹtàdínlógún."

Iṣu tí bàbá mi fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nítorí oúnjẹ mi lọ́dún yẹn nìkan, ó ju ṣílè mẹ́wàá lọ fíìfíì. Kò sí òfin tí ó fi ààlà sí iṣu.

Mo dé yunifásítì. Àṣàkẹ́ dín gààrí títí ó fi kú. Orí lásán ni ó fi ń ṣírò fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká.

Olódò ni mo kọ́lé sí. Lọ́dún tó kọjá, ìjì ṣí òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ọ̀gá àgbà wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, wá sí ìpàdé àwa onílé. Ó ní ibi gbogbo tí òun dé ní ìjọba, wọ́n ń sọ fún òun pé òfin orílẹ̀-èdè ti dá ààlà sí owó tí àwọn lè gbà lọ́wọ́ aráàlú, èyí tí ó sì ń wọlé kò tó nǹkan. Ó bẹ̀ wá pé kí á fi díẹ̀ kún owó oṣù tí à ń dá sí ẹgbẹ́ onílé fún ọdún kan péré.

Èmi tí wọ́n ń pè ní Purọ́fẹ́sọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò débẹ̀, ni mo dìde. Mo ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́, mo ka ibi tí ó sọ pé owó oṣù kò gbọdọ̀ kọjá iye kan. Àwọn ọmọ mi ti kàwé tán. Mo kà á dáadáa, n kò wúkọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, obìnrin náà sì dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ kí wa kí ó tó lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà kan. Bí ó bá pàdé mi lójú ọ̀nà Olódò yìí, yóò yà gba ẹ̀gbẹ́ igbó kí ó má baà kí mi. Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ní rí ẹnu bá a wí.