Àwòrán Kànga Tó Bọ́ sí Abúlé Mìíràn

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òṣogbo, èmi ni mò ń ya àwòrán àwọn kànga ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ní àwọn abúlé, kí àwọn atúnṣe lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kámẹ́rà ọ́fíìsì wa kò mọ ibi tó wà. Nítorí náà ni mo ṣe ń so GPS mọ́ bẹ́líìtì, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kọ gbogbo ibi tí mo gbà kọjá sílẹ̀, pẹ̀lú aago tí mo débẹ̀. Tí mo bá padà dé, kọ̀ǹpútà á fi aago ara àwòrán wé ti GPS, á sì so ibi tó bá a mu mọ́ ọn. Ọ̀gá mi, Alàájì Ràṣídì, ló kọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ sí oko kan lẹ́bàá Ìmẹ̀sí-Ilé. Màmá Fúnmi, ìyá àgbà kan níbẹ̀, fa ọwọ́ kànga wọn títí, ẹ̀kán omi kan kò jáde. Odò tí màlúù ń mu ni wọ́n ń pọn. Mo ya àwòrán, mo ní àwọn atúnṣe ń bọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pè mí lórí fóònù pé òun kò tíì rí ẹnikẹ́ni. Mo wo ìwé àwọn atúnṣe. Wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn lọ, àwọn bá kànga tó dáa, omi sì ń yọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

“Ọmọ mi, ṣé mo purọ́ fún ọ ni?”

Mo ní rárá, mà.

“Ọmọ-ọmọ mi ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti ìjẹta.”

Mo ṣí àwòrán náà: abúlé kejì tí mo gbà kọjá lẹ́yìn oko wọn, níbi tí kànga kò ní àbùkù kankan, ni kọ̀ǹpútà gbé e sí. Ìgbà náà ni mo rántí pé mo pààrọ̀ bátìrì kámẹ́rà láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé oní-tíì kan ní Old Garage, tí aago kámẹ́rà sì pa rẹ́; aago ara ògiri oní-tíì náà ni mo wò tún un ṣe. Mo lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ogún ìṣẹ́jú lòun fi sún un síwájú kóun má baà pẹ́ dé ìrun.

Gbogbo àwòrán ọjọ́ náà ló ti ṣìnà. Mo lè yọ ogún ìṣẹ́jú kúrò lára wọn kí n sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ní oko yẹn, òpùrọ́ ni wọ́n ń pe àwọn atúnṣe. Mo jẹ́wọ́ fún Alàájì. Kò bú mi.

Ó ní, “Tún un ṣe, kí o sì bá wọn lọ. Ẹnu rẹ ni kí ìyá yẹn ti gbọ́ ọ.”

Láti ìgbà náà, ojú GPS tó ń fi aago hàn ni mo máa ń kọ́kọ́ yà kí n tó ya ohunkóhun, kí n lè rí i bí aago kámẹ́rà bá yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ń fúnra rẹ̀ so ibi mọ́ àwòrán báyìí.

Nígbà tí èmi àti àwọn atúnṣe dé oko lọ́jọ́ tí Alàájì ní kí n bá wọn lọ, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún Màmá Fúnmi pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, kì í ṣe àwọn atúnṣe. Mo béèrè ọmọ náà. Ó nawọ́ sí i níbi tó ti ń sáré kiri. Lọ́sàn-án, omi yọ. Wọ́n jẹ́ kó ṣàn títí tó fi mọ́ gaara. Màmá bu ife kan, ó gbé e fún mi ṣáájú gbogbo àwọn ará oko.

“Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ tọ́ ọ wò,” ló wí.

Mo mu ún tán.