Áyọ́ọ̀nù Mas Lebert

Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ló máa ń jí wa ní ìlú wa létí òkun, ní agbègbè Portland. Bó bá ti fọn fèrè lórí afárá, oníkálukú á gbé omi tíì kaná, àwọn ọmọ á máa wá bàtà wọn kiri. Mas Lebert Pinnock ('Mas' là ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa), tí ọgbà rẹ̀ bá tèmi pààlà, ló máa ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ náà. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é. Ìlà tó wà níwájú ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀ fẹ́ẹ̀ lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀, Miss Verlie, jó kọ́là rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó wọn, láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́.

Lọ́dún kan ìjì ńlá jà, ó ba ojú irin jẹ́, wọn kò sì tún un ṣe. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Mas Lebert nìyẹn, lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Fún oṣù kan gbáko, bí Mọ́ńdè bá ti dé, á wọ yunifọ́ọ̀mù, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé.

"Lebert, ta lò ń retí?" Miss Verlie bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Mi ò retí ẹnì kankan. Aṣọ ni mo wọ̀."

Mo wà lẹ́yìn ọgbà tí mò ń sá aṣọ. Mo yí ojú mi sí ibòmíràn.

Súìtì àgbọn tí Miss Verlie ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé kò lè bọ́ ilé. Ó di dandan kí Mas Lebert wá nǹkan tí yóò máa ṣe nínú ilé. Cutty, tó ń ta ọtí ní ìkóríta, ló kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn pé adìyẹ ni owó wà. Mas Lebert kan àgò, ó kó ọgbọ̀n òròmọdìyẹ. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nígbà tí mongúùsì, ẹranko kékeré kan tó máa ń pa adìyẹ, gba abẹ́ àgò wọlé, tó pa gbogbo wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo.

"Gbogbo ẹ̀ pátá?" Cutty bi í. "O ò sì mú ọ̀kan wá ká fi se ọbẹ̀? Irú ọ̀rẹ́ wo nìwọ?"

Lẹ́yìn èyí, ó yá fìríìjì àbúrò rẹ̀, ó ń fi omi ọsàn ṣe yìnyín sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ iléèwé. Iná mànàmáná tiwa náà sì rèé, bó ti ń lọ ló ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan gbé tiẹ̀ padà wá, omi ń kán láti inú ọ̀rá náà: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ò dì." Mas Lebert dá owó rẹ̀ padà, ó sì dá fìríìjì padà lọ́sẹ̀ kan náà.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, èmi àti Miss Verlie jọ ń bó òtílí lórí àtẹ̀gùn wọn. Mas Lebert jókòó tì wá, ó ń sọ pé bóyá kí òun máa sin ẹlẹ́dẹ̀.

"Lebert," ni Miss Verlie wí, "jẹ́ n bi ọ́. Kí ni àwọn ará àdúgbò máa ń wá bẹ̀ ọ́ pé kó o bá àwọn ṣe?"

"Wọn kì í bẹ̀ mí ní nǹkan kan."

Mi ò lè dákẹ́. "Mas Lebert, irọ́ nìyẹn o! Ta ló lọ aṣọ ìyàwó tí àbúrò mi Hyacinth wọ̀? Ta ló lọ kóòtù tí a fi sin bàbá mi?"

"Oore nìyẹn, Una. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

"Oore tí wọ́n ń tò jọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní gbogbo Sátidé," Miss Verlie dá a lóhùn. "Ta ló bẹ̀ ọ́ ní adìyẹ rí? Cutty nìkan ni, ọ̀fẹ́ ló sì fẹ́ jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ti ń wá ẹ wá fún, ìyẹn lo pè ní oore."

"Kí ọkùnrin bíi tèmi máa lọ búláòsì obìnrin? Kí Cutty wá rí mi?"

"Cutty kọ́ ló ń bọ́ wa."

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ti Mas Lebert tilẹ̀ wà lójú ṣòkòtò gan-an. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní inú yàrá ẹ̀yìn lòun ti máa ṣe é, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí aṣọ fèrèsé sì balẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ènìyàn ń gbé aṣọ wá, èmi á sì nà án sí Miss Verlie lórí ọgbà, bíi pé iṣu ni mo fi ta á lọ́rẹ.

Àṣírí tú láàárín oṣù kan. Lọ́jọ́ tí Mas Lebert dé ìkóríta láti ra kẹrosíìnì, Cutty pariwo lójú gbogbo ọ̀mùtí: "Ìyá Lebert! Ẹ káàsán, mà! Síkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá tábìlì. Mas Lebert fi kẹrosíìnì sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù.

Ní Tọ́sìdeé ọ̀sẹ̀ náà ni Tíṣà Dacosta, ọ̀gá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin, wá fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ akọrin rẹ̀ ń lọ díje ní Kingston, olú-ìlú wa, ní Sátidé. Òjò ti ń rọ̀ láti Mọ́ńdè, inú ilé ni wọ́n sì ti sá aṣọ wọn. Aṣọ iléèwé mọ́kànlélógójì ló kó wá, gbogbo wọn ló ní ìṣẹ́po yí ìdí ká, wọ́n sì rún bí ewé gbígbẹ.

"Mas Lebert, mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún."

Ó wo aṣọ náà pẹ́, ó fi ìka tọ ìṣẹ́po kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá kó wọn lọ́la ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà."

Ilẹ̀ Fúráìdeé ò tíì mọ́ tán tí iná mànàmáná lọ. Mas Lebert kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde. Miss Verlie po sítáàṣì ẹ̀gẹ́, èmi ń fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí èéfín kún yàrá ẹ̀yìn, omi ń jáde lójú wa, mo sì bẹ̀rù kí eérú má ta sára aṣọ.

Mas Lebert gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó gbé tábìlì tó fi ń lọ aṣọ sórí, ó gba pálọ̀ kọjá, ó sì gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ti lè rí i. "Una," ó ní, "gbé iná bọ̀."

Báyìí ló ṣe lọ̀ wọ́n, ìṣẹ́po kan lẹ́yìn òmíràn, tí òjò ń lu páànù lókè. Àwọn ènìyàn dúró lábẹ́ agboòrùn, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó di ọ̀sán, Cutty dé. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Mas Lebert kò gbójú sókè. "Tó o bá ní ọ̀rọ̀, Cutty, máa fẹ́ iná bó o ti ń sọ ọ́. Ó ti rẹ Una."

Cutty wo mí, ó wo aṣọ tí a ti fi kọ́ lẹ́yìn wa. Ló bá pa agboòrùn dé, ó lóṣòó, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó fẹ́ iná títí èédú fi pọ́n.

Ipò kẹta làwọn ọmọ náà ṣe. Tíṣà Dacosta sọ fún wa pé ìyá mẹ́ta ló béèrè lọ́wọ́ òun ní Kingston pé ta ló lọ aṣọ wọn.

Tábìlì náà kò wọ yàrá ẹ̀yìn mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mas Lebert fi lọ aṣọ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà: aṣọ àlùfáà, aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ òkú, aṣọ ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ ìdọ̀tí wá, á ní, "Mi ò fọ aṣọ. Lílọ̀ ni mo ń lọ̀." Ó fi iṣẹ́ náà rán ọmọbìnrin wọn níléèwé, ó sì gba obìnrin méjì sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń rántí jù ni ọ̀sán Sátidé, tí gbogbo wa á pé jọ síbẹ̀ dúró de aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ó máa jẹ iṣu sísun àti ẹja oníyọ̀, tí Cutty á máa purọ́, tí òórùn sítáàṣì gbígbóná á gba gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí Miss Verlie kú, ọmọ wọn wá mú Mas Lebert lọ sí Spanish Town. Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya kan ló ń gbé ilé náà báyìí. Wọ́n ti fi irin dí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ tí wọ́n sì ń wọ̀ kì í rún. Èmi náà ti ń wọ irú ẹ̀. Síbẹ̀, ní Sátidé mìíràn, mo máa ń po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ díẹ̀, kí òórùn rẹ̀ lè gba ilé mi.