Alàgbà Ọdúntán Ń Wá Ojú fún Kọ̀ǹpútà

Láti ọjọ́ tí Alàgbà Fọláránmi Ọdúntán ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, kò sí ẹni tó tún ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó wà ní sẹkitéríàtì, bó bá wúkọ́ lásán, mẹ́séńjà á ti dìde. Nínú ilé rẹ̀ ní Dàda Estate, bó bá wúkọ́, Cecilia ìyàwó rẹ̀ á ní kó lọ mu omi. Ewúrẹ́ aládùúgbò pàápàá, bí bàbá bá ń lé e, á kọ́kọ́ wò ó lójú ná kó tó rọra máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn lọ́jọ́ tí òun àti Cecilia lọ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́wọ́ Rùkáyà, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alékúwodò. Ẹ̀rọ náà ti darúgbó, ó sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín. Rùkáyà kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn fáìlì, pamọ́, ó nu inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gbé Linux, ètò tuntun tó máa darí ẹ̀rọ, sí i, ó sì dá ẹrù onílé padà sínú rẹ̀. Ojú dúdú ni ẹ̀rọ náà là, pẹ̀lú lẹ́tà funfun mélòó kan. Kò sí àwòrán, kò sí ohun tí èèyàn lè fi máòsì tẹ̀.

"Dádì, ilé ti dúró, a sì ti kan òrùlé," Rùkáyà wí. "Fèrèsé àti ọ̀dà ló kù, ìyẹn ojú tí àwòrán máa hàn sí. Ẹ fi í sílẹ̀ kí n ṣe é tán."

Alàgbà kọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, kì í fẹ́ kí ohun ìní rẹ̀ sùn níta. Ó ní kí Rùkáyà fi ohun tí òun máa tẹ̀ ránṣẹ́ sórí wátsáàpù, òun á fi ojú sí i fúnra òun.

Rùkáyà ṣàlàyé fún un pé àṣẹ ni wọ́n ń pe ohun tó máa tẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nínú rẹ̀, sudo, ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀gá ilé ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá ní kó tún un sọ.

"Tí mo bá ti tẹ ìyẹn, kò ní jiyàn?"

"Kò ní jiyàn, Dádì."

"Ẹ̀rọ yìí sàn ju àwọn ọmọ mi lọ."

Rùkáyà rẹ́rìn-ín, ó wá kìlọ̀ ohun kan ṣoṣo fún un. Bátìrì ẹ̀rọ ti kú, kí wọ́n má ṣe yọ wáyà rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Alàgbà ní òun ti wà nídìí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí i. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ ló wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọ́fíìsì sọ pé ẹ̀yìn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ló máa ń dúró sí, tí á máa fi bírò nàka sí àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ìṣeré fún wọn nílé. Yèyé, ìyá Cecilia, ti kú ní èṣí lábúlé wọn lẹ́bàá Iléṣà, nínú oko kòkó tí wọ́n bí i sí. Alàgbà ti fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣàdúrà fún wọn. Fóònù náà ti bọ́ sómi látìgbà náà, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ohùn náà ṣẹ́ kù sí. Ọ̀la ni ìrántí ọdún kan. Alàgbà ti fọ́nnu fáwọn àna rẹ̀ pé òun á gbé ohùn Yèyé àti àwòrán rẹ̀ wá sáàárín agbo. Cecilia kò tíì lè gbọ́ ohùn náà látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ní ọ̀la lòun á gbọ́ ọ, láàárín àwọn ọmọ ìyá òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Alàgbà wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé dígí ojú sí i, ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ fún ẹ̀rọ, ó sì tẹ àṣẹ. Ẹ̀rọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù. Ó ń tẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ.

"Cecilia, bọ́tìnnì ti kú."

"Rùkáyà ti sọ pé kò ní hàn. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀rọ gbà, lẹ́tà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú dúdú. Alàgbà fara ti àga, ó ká apá mọ́ àyà. Ó pe Cecilia kó wá wo òṣìṣẹ́ tó gbọ́ràn. Cecilia ní òun ń gúnyán.

Ibi tí ẹ̀rọ ń sáré dé ni àrá ti sán lápá Òkè-Baálẹ̀. Ara Alàgbà ti dìde kí ọgbọ́n orí rẹ̀ tó dìde. Ó yọ wáyà fíríìjì, ó yọ ti tẹlifíṣọ̀n, ó yọ gbogbo wáyà tó wà lára ògiri. Ó fa ìró Cecilia kan yọ nínú àpótí aṣọ, ó fi bo dígí yàrá. Nígbà tó padà dé pálọ̀, ó rí i pé ojú kọ̀ǹpútà tó ti kú náà ń dán bíi dígí, ó fi tówẹ́ẹ̀lì bo òun náà. Ó wá jókòó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Bàbá Marvellous," Cecilia wí láti ilé ìdáná, "kí ni Rùkáyà sọ nípa wáyà?"

Alàgbà bojú wo wáyà tó wà nílẹ̀.

Cecilia jáde wá pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ó wo tówẹ́ẹ̀lì, ó wo wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé. Ta ló kọ́ yín pé dígí ń pe àrá?"

Nígbà tí òjò dá, bàbá ki wáyà bọ ara ògiri. Ojú dúdú náà padà wá, ẹ̀sùn ló sì ń kà. Ó tún àṣẹ tẹ̀, sudo àti gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ náà jiyàn. Ẹ̀rù wá bà á gidi. Kì í ṣe ẹ̀rù àwọn àna mọ́. Ó rò pé òun ti fi ọwọ́ òun pa ohùn ìyá ìyàwó òun, omi sì dé ojú rẹ̀.

Cecilia kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ohùn Yèyé ńkọ́?"

Alàgbà pe Rùkáyà.

"Dádì, ṣé ẹ yọ wáyà ni?"

"Òjò ló ṣú, ọmọ mi."

Rùkáyà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Òṣogbo lòun náà, ìyá àgbà rẹ̀ kì í fi dígí sílẹ̀ láìbò lójú òjò. "Kò burú, Dádì. Ojú tá à ń kọ́ lọ́wọ́ ló dàrú, a máa tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ohùn màmá wà. Ohùn ò nílò ojú."

Ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Alàgbà ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Kò bi í mọ́ bóyá ẹ̀rọ á jiyàn.

Ojú ẹ̀rọ ṣì dúdú nígbà tí ohùn Yèyé jáde. "Ọlọ́run á ṣọ́ yín nínú ùlé. Á ṣọ́ yín lóko." Cecilia rọra jókòó sílẹ̀. Àdúrà náà gùn, wọ́n ń ṣe àmín sí i bí ẹni pé ìyá náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àdúrà parí, Alàgbà na ọwọ́ láti pa á bó ṣe máa ń pa á, ṣùgbọ́n Cecilia di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ gbọ́ ọ dé òpin.

Àrá sán. Alàgbà ti fẹ́ dìde sí wáyà kó tó mọ̀ pé inú ẹ̀rọ ni àrá náà wà.

"Bàbá Marvellous," ohùn Yèyé wí, kò ṣàdúrà mọ́, "ṣé o ò gbọ́ àrá ni? Dìde. Fi aṣọ bo dígí, kó o yọ gbogbo wáyà ùlé. Pa fóònù ọwọ́ rẹ yẹn náà."

"Mo gbọ́, Yèyé," ohùn Alàgbà dáhùn nínú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló sì gé sí.

Cecilia rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Alàgbà gbá a mọ́ra, kò wúkọ́.

"Dádì," Rùkáyà wí lórí fóònù, "ṣé kí n fi àṣẹ tó máa tún ojú rẹ̀ ṣe ránṣẹ́ báyìí?"

"Ẹ ní kó dúró ná," Cecilia wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ tún un tẹ̀ ká gbọ́."

Alàgbà gba àṣẹ náà, ó tún un tẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó rántí iyán inú odó. Aṣọ ṣì wà lójú dígí yàrá, kò sì sí èyí tó lọ ṣí i nínú àwọn méjèèjì.