Àwọn Ọmọ Ogun Mẹ́ta Tó Lọ Kí Màmá

Òórùn gààrí tí wọ́n ń yan ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí géèmù náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní Ìlaròó ni àwọn obìnrin kan ti ń yan án, èéfín á sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wá bá wa ní bàráńdà níbi tí a tẹ́ ayé sí lórí tábìlì. Ayé ni mo pè é, n kò ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́: máàpù gbogbo àgbáyé lórí páálí líle, àwọn ọmọ ogun oníke kéékèèké, àti dáìsì bíi ti lúdò. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ tó pọ̀ jù ló jẹ ọba ọjọ́ náà. Kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn á ta lẹ́ẹ̀kan táá gbàgbé. Ogun Sátidé mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá borí ní Sátidé kan á fi báírò kọ orúkọ ìlú kan sórí máàpù, orúkọ náà ò sì ní parẹ́ mọ́. Ẹni tó bá wá borí jù lẹ́yìn Sátidé kẹwàá ni yóò sọ olú ìlú gbogbo ayé lórúkọ.

Àwa mẹ́ta là ń ta á. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló ni ín, òun ló sì ń ka òfin inú ìwé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń ṣàlàyé oògùn fún aláìsàn. Èmi ni olùkọ́ jọ́gíráfì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Abẹ́òkúta, tí kò mọ ẹnì kankan. Ẹnì kẹta ni olùkọ́ Faransé ilé ẹ̀kọ́ wa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Mùsíọ̀, tí àwa náà sì ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló bá mi wá yàrá lọ́sẹ̀ tí mo dé, òun ló kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún mi, òun náà ló mú mi lọ sílé Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, ǹ bá ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá mi padà kí oṣù kan tó pé.

Àsìkò tí wọ́n ti bọ́dà pa ni, ìwọ náà á rántí. Òdìkejì ni ìyá Mùsíọ̀ ń gbé, lápá Kétu, ó sì ti tó oṣù mẹ́fà tó ti fojú kàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbéra, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀rù bà á, kò lọ mọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣí máàpù náà, ó ṣàdéédé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣe é ti kó gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sójú kan, àwọ̀ ewé kan náà, kò sí ìlà kankan láàárín àwa àtàwọn ará Kútọnu.

"Ẹ wò ó, kò sí bọ́dà níbí!" ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká jà níbẹ̀ o. Ilé ìyá mi ni."

Kò sí nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n a gbà. Láti ọjọ́ náà, Mùsíọ̀ máa ń kọ́kọ́ to ọmọ ogun pupa mẹ́ta síbẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ títí eré á fi parí. Ó ní wọ́n lọ kí màmá.

Èmi ni mo wá bà á jẹ́. Kí n má parọ́ fún ọ, mi ò lè gba kí wọ́n na mi nínú eré, àgàgà eré tó ní máàpù nínú. Èmi olùkọ́ jọ́gíráfì, kí wọ́n máa gba ayé mọ́ mi lọ́wọ́! Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹwàá, mo ti borí lẹ́ẹ̀mẹrin, Àǹtí Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹrin, Mùsíọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ẹyọ kan ló kù kí n borí. Mo wo máàpù títí, n kò rí ibòmíràn tí mo lè gbà. Mo mú dáìsì, mo ní mò ń gbógun lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

"Tíṣà, ibo lo wí?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì bi mí.

"Kò kúkú sí nínú òfin," mo dáhùn.

Mo da dáìsì, ó sì ṣe mí lóore. Mùsíọ̀ kò pariwo. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n, ó ní, "Ó dáa, àbúrò. O ti gbà á." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ tòun tàwọn ọmọ ogun náà lọ́wọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì na báírò sí mi kí n wá kọ orúkọ olú ìlú ayé. Mi ò lè gbà á.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Kò wá síléèwé lọ́jọ́ Ajé, kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù rẹ̀ ò lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ara mi ò balẹ̀. Mo mọ̀ nínú ara mi pé mo ti fi ọ̀rẹ́ mi gidi pààrọ̀ orúkọ orí páálí.

Ní Sátidé, èmi àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì jókòó ní bàráńdà, a ò ṣí géèmù náà. Ìgbà náà ni Mùsíọ̀ wọlé pẹ̀lú àpò gààrí léjìká. Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

"Dìde jàre," ó ní. "Bó o ṣe lé àwọn ọmọ yẹn kúrò lórí máàpù ló wá yé mi pé àwọn nìkan ló ń bá mi kí màmá láti ọjọ́ yìí. Mo bínú sí ọ débi pé mi ò rántí bẹ̀rù mọ́. Mo lọ bẹ àwọn tó ń ṣọ́ bọ́dà, wọ́n ní kí n fẹsẹ̀ rìn kọjá." Ó sọ àpò náà kalẹ̀ níwájú mi. "Màmá ní kí n gbé èyí fún ọba tó gba ìlú àwọn. Wọ́n ní ó dájú pé ebi ló ń pa á."

Ẹ̀rín pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo tẹ́ máàpù náà, mo fi báírò lé e lọ́wọ́, òun ló kọ orúkọ olú ìlú ayé: Ilé Màmá.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, mo tẹ̀ lé e lọ. Màmá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ rèé? O ò kúkú jọ jagunjagun. Jókòó, wá jẹun." Lójú fèrèsé wọn ni mo ti rí àwọn ọmọ ogun pupa mẹ́ta náà, wọ́n tò tẹ̀léra wọn. A ò kó wọn padà mọ́.

Ayétòrò ni mò ń gbé báyìí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì ti fi géèmù náà ta mí lọ́rẹ. Màmá ṣì ń pè mí ní ọba. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí èmi ló yẹ kí n bẹ̀ wọ́n, àwọn ni wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n sì dá ọ̀rẹ́ mi padà fún mi. Bí àwọn ọmọ mi bá tẹ́ máàpù náà, wọ́n á ka àwọn ọmọ ogun pupa, wọ́n á bi mí pé níbo ni mẹ́ta tó kù wà.

Mo máa ń sọ fún wọn pé wọ́n lọ kí màmá.